Ìmìtìtì Ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà: Ìbéèrè Yín lórí Ohun Tí Ìjọba Ń Ṣe àti Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ń Lọ

Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá mì díẹ̀ ní Los Angeles, kí n tó dìde nílẹ̀, fóònù mi á ti kún. Ẹ̀gbọ́n kan láti Houston á ní, "Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Àbúrò kan láti Ìbàdàn á fi fídíò ránṣẹ́, fídíò tí kì í tilẹ̀ ṣe ti ìlú wa lọ́pọ̀ ìgbà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń bá àwọn tó ń fi irin ró ilé àtijọ́ ṣiṣẹ́ níbí, ìyẹn ló fà á tí gbogbo ìbéèrè fi ń já sọ́dọ̀ mi. Mo kó àwọn tó wọ́pọ̀ jọ síhìn-ín, kí n yéé tẹ èsì kan náà ní ìgbà ogún.

Ìmìtìtì ilẹ̀, ilẹ̀ ríri, ìsẹ̀lẹ̀: èwo ni ká pè é?

Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Nínú Bíbélì, ìsẹ̀lẹ̀ lẹ óò bá pàdé. Lórí rédíò, ìmìtìtì ilẹ̀ tàbí ilẹ̀ ríri. Ẹ ṣáà ṣọ́ àmì abẹ́ s yẹn: ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀, èyí tó ń mi ilé ni ìsẹ̀lẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ètò kan pàtó lórí ọ̀rọ̀ yìí?

Ó ní. National Earthquake Hazards Reduction Program ni orúkọ rẹ̀, ètò láti dín ewu ìmìtìtì ilẹ̀ kù; NEHRP ni wọ́n ń pè é ní ìkékúrú. Òfin 1977 ló dá a sílẹ̀, Ààrẹ Jimmy Carter ló sì bu ọwọ́ lù ú. Ohun méjì tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ló ti ìjọba débẹ̀. Ti Alaska ní 1964 jẹ́ 9.2 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára ìmìtìtì ilẹ̀, kò sì tíì sí èyí tó lágbára tó o nínú gbogbo èyí tí ẹ̀rọ wọ̀n rí ní Amẹ́ríkà. Ti San Fernando, ní ìtòsí wa níbí, kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, 6.6 péré ni, ní 1971. Ṣùgbọ́n ó wó ilé ìwòsàn kan lé àwọn aláìsàn lórí, ó sì ba òmíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí jẹ́ débi pé wọ́n ní láti wó o palẹ̀. Ìyẹn ló dun àwọn aṣòfin jù: ilé tuntun, òfin tuntun, ó sì tún bàjẹ́.

Iléeṣẹ́ mẹ́rin ló ń pín iṣẹ́ náà ṣe. USGS ló ń wọn ilẹ̀ tó sì ń ya máàpù ibi tí ewu wà. NSF ń fún àwọn yunifásítì lówó ìwádìí. NIST ń ṣèwádìí lórí ilé fúnra rẹ̀, òun náà ló sì ń ṣolórí wọn láti 2004. FEMA ló ń gbé ìmọ̀ yẹn lọ bá àwọn ìpínlẹ̀ àti aráàlú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lè pàṣẹ fún onílé kan pé kó lọ ró ilé rẹ̀. Wọ́n lè wádìí, wọ́n lè kọ ìmọ̀ràn tó nípọn bí ìwé mímọ́, ìpínlẹ̀ àti ìlú ló máa sọ ọ́ di òfin, bí wọ́n bá fẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ pé "ìjọba ò ṣe nǹkan kan", ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ìjọba wo.

Wọ́n ní ìmìtìtì ńlá ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá. Kò sí ẹni tó lè dá ọjọ́ fún un, yálà wòlíì ni tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú. Ní oṣù kejì 1975, àwọn ará Ṣáínà kó èèyàn jáde nílé ní Haicheng kí ilẹ̀ tó mì, nítorí pé àwọn kéékèèké ti ń mì léraléra ṣáájú. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ní oṣù keje 1976, ilẹ̀ mì ní Tangshan, ní Ṣáínà kan náà, láìsí àmì kankan, èèyàn tó ju 240,000 lọ sì kú. Síbẹ̀, ìrètí Haicheng yẹn ṣì wà lọ́kàn àwọn tó kọ òfin 1977, wọ́n sì fi àsọtẹ́lẹ̀ ṣe ọ̀kan nínú iṣẹ́ ètò náà.

Ibi tí wọ́n ti dán an wò ni Parkfield, abúlé kékeré kan ní Kalifóníà. Ilẹ̀ ti mì níbẹ̀ ní 1857, 1881, 1901, 1922, 1934 àti 1966, bí ẹni ń san èsúsú: bí ọdún 22 bá ti ń lọ, ó ti dé. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣírò, wọ́n ní kí 1993 tó parí, òmíràn á ti dé. Wọ́n to ẹ̀rọ sí gbogbo oko àti gbogbo òkè ibẹ̀, wọ́n dúró. 1993 kọjá lọ. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 2004 ló tó dé, ó pẹ́ ní ọdún mọ́kànlá, gbogbo ẹ̀rọ yẹn kò sì gbọ́ kín-ín ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún òfin NEHRP ṣe ní 2018, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ kúrò, wọ́n fi ìkìlọ̀ sí i. Ní tèmi, ìyẹn ni ìpinnu tó lọ́gbọ́n nínú jù tí wọ́n ti ṣe láti ogójì ọdún. Ohun tí wọ́n lè sọ báyìí ni bí ó ṣe ṣeé ṣe tó: fún agbègbè San Francisco, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi sí i pé èyí tó tó 6.7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á wáyé láàárín 2014 sí 2043; fún Los Angeles, ìdá 60. Ọjọ́ àti wákàtí kò sí níbẹ̀.

Kí wá ni ariwo orí fóònù yẹn, bí kì í bá ṣe àsọtẹ́lẹ̀?

Ìkìlọ̀ ni. Nígbà tí fóònù bá ké, ilẹ̀ ti ń mì níbòmíràn. Ó kàn jẹ́ pé mímì náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ wò ó báyìí. Tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ bá fà ya, ìgbì méjì ló máa ń jáde. Èkíní ń sáré, bíi kìlómítà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan kan fún ilé tó bẹ́ẹ̀. Èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn, kò yára tó o, òun ló sì ń wó ilé. Àwọn ẹ̀rọ tó sún mọ́ ibẹ̀ á gbọ́ èkíní, kọ̀ǹpútà á ṣírò bó ṣe tóbi tó, ìkìlọ̀ á sì gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì yára ju àpáta lọ. Orúkọ ètò náà ni ShakeAlert, USGS ló ń bójú tó o. Aráàlú Kalifóníà bẹ̀rẹ̀ sí í rí i gbà ní 2019, Oregon àti Washington ní 2021. Mẹ́síkò ti ní tirẹ̀ láti 1991, Japan láti 2007, nítorí náà Amẹ́ríkà pẹ́ dé ibi àpèjẹ yìí.

Mo wà nídìí ààrò lọ́jọ́ kan tí mò ń dín dòdò. Fóònù ké. Mo pa gáàsì, mo ti ìkòkò epo sẹ́yìn, mo wọ abẹ́ tábìlì. Mo ti ka dé méje kí ife inú kọ́bọ́ọ̀dù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wọn. Méje péré, ṣùgbọ́n epo gbígbóná kò dà sí mi lára.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, kì í ṣe èèyàn nìkan ni wọ́n fẹ́ kó gbọ́. Ọkọ̀ ojú irin BART ní San Francisco máa ń dẹwọ́ eré fúnra rẹ̀ tí ìkìlọ̀ bá dé. Wọ́n ń so ó mọ́ ilẹ̀kùn àwọn tó ń pa iná, kó ṣí kí ilé tó rọ́ kó má baà há mọ́to sínú. Ààlà rẹ̀ ni pé ẹni tó bá wà gan-an lórí ibi tí ilẹ̀ ti ya kò ní rí ìkìlọ̀ gbà, tàbí kó rí i lẹ́yìn tí ilé ti mì tán. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má fi fóònù dípò ilé tó dúró dáadáa.

Tí ilé ò bá wó pa èèyàn, ṣé kò tán?

Ibí gan-an ni iṣẹ́ ọjọ́ iwájú wà, mo sì fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà á.

Òfin ilé kíkọ́ ní Amẹ́ríkà, títí di bí mo ti ń kọ èyí, ohun kan ló ń béèrè fún ilé tí àwa lásán ń gbé: kí ẹ lè jáde láàyè. Kò ṣèlérí pé ẹ óò padà wọ̀ ọ́. Ilé lè sán, kó tẹ̀, kí páìpù rẹ̀ bẹ́, kí ìjọba fi àmì pupa lẹ ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì wó o lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, òfin á ní ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti sọ èyí fún àwọn tó ra ilé olówó ńlá, ojú wọn ranjú.

Ẹ wo Christchurch ní New Zealand, orílẹ̀-èdè tí òfin ilé kíkọ́ rẹ̀ dára. Ní oṣù kejì 2011, ilẹ̀ mì, èèyàn 185 kú, tó jẹ́ pé inú ilé kan ṣoṣo ni 115 nínú wọn wà. Ọ̀pọ̀ ilé yòókù dúró. Àmọ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n wó ilé tó ju 1,000 lọ ní àárín ìlú, wọ́n sì fi ọgbà yí àárín ìlú ká fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kò kú. Ọjà ló kú.

Nítorí èyí, òfin 2018 ní kí NIST àti FEMA kó àwọn ògbógi jọ, kí wọ́n dábàá bí ilé àti páìpù omi àti wáyà iná ṣe lè padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọjọ́ tí èèyàn lè fara dà. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 2021. Kókó rẹ̀ ni pé kí òfin ilé kíkọ́ máa béèrè iye ọjọ́: ilé ìwòsàn lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ilé gbígbé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí lè dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Kò tíì di òfin ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìjà tó wà níbẹ̀ kò ju pé ilé tó máa ṣeé padà wọ̀ yóò gbówó lórí díẹ̀ sí i nígbà kíkọ́, ẹni tó ń kọ́ ọ kọ́ ni yóò sì máa gbé inú rẹ̀.

Pé ó ṣeé ṣe, ìyẹn kò sí lábẹ́ àríyànjiyàn mọ́. Ní 2023, wọ́n kọ́ ilé onípákó alájà mẹ́wàá sórí pẹpẹ ńlá kan tó ń mì ní Yunifásítì Kalifóníà ní San Diego, owó NSF wà níbẹ̀. Wọ́n fi irú mímì tó wáyé ní Northridge, ní Los Angeles níbí, ní 1994 mì ín, wọ́n tún fi irú èyí tó wáyé ní Taiwan mì ín. Ó fì lọ, ó fì bọ̀, ó sì dúró gbọnrangandan padà sí ààyè rẹ̀.

Ilé wo gan-an ló yẹ kí n bẹ̀rù?

Mẹ́ta ni mo máa dárúkọ.

Àkọ́kọ́ ni ilé bíríkì àtijọ́ tí kò sí irin nínú ògiri rẹ̀. Kalifóníà ti ṣe púpọ̀ lórí wọn. Seattle ṣì ní nǹkan bí 1,100.

Èkejì ni ilé kọnkéré tí wọ́n kọ́ ṣáájú àárín 1970 sí 1980, tí irin inú òpó rẹ̀ kò tó. Láti ìta, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn kan rẹwà gan-an. Los Angeles fún àwọn onílé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 25 láti ró wọn. Ọdún 25! Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà pé ilẹ̀ náà gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí iṣẹ́ mi wà lórí rẹ̀: ilé fúlátì alájà méjì tàbí mẹ́ta tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Òkè wúwo, ìsàlẹ̀ jẹ́ òpó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 31 ìdájí ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1994, nígbà tí ilẹ̀ mì ní Northridge, àjà ìsàlẹ̀ ilé fúlátì kan báyìí pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀. Èèyàn 16 kú nínú ilé kan yẹn. Los Angeles kò sọ ríró wọn di dandan àfi ní 2015, ọdún 21 lẹ́yìn náà, àwọn ilé tí òfin náà sì kàn ju 12,000 lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. A óò fọ́ kọnkéré ilẹ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí, a óò gbẹ́ kòtò tó lè gba èèyàn dé àyà, a óò di irin sínú rẹ̀, a óò da kọnkéré tuntun. A óò wá gbé òpó irin méjì dúró, ká fi òmíràn dá wọn lórí bí ẹnu ọ̀nà ńlá, ká fi bóòtì so ó mọ́ igi abẹ́ àjà kìíní. Tí ẹ bá kọjá lójú títì tí ẹ rí irin tuntun tí wọ́n kùn ní àwọ̀ eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́to, iṣẹ́ wa nìyẹn. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ayálégbé á máa bú wa nítorí ariwo àti nítorí pé wọn ò ríbi gbé mọ́to sí.

Láńlọ́ọ̀dù mi fi owó kún owó ilé nítorí ríró yìí. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́?

Ní Los Angeles, fún àwọn ilé tó wà lábẹ́ òfin ìdíwọ̀n owó ilé, ó lè gba ìdajì owó iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ayálégbé, kò sì gbọdọ̀ ju dọ́là 38 lóṣù fún fúlátì kan, fún ọdún mẹ́wàá. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìlú. Láńlọ́ọ̀dù tèmi kan wà nígbà kan tó kọ lẹ́tà pé 75 ni, kò sì ní ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́. Èmi tí mo ń ṣe irú iṣẹ́ náà ló kọ ọ́ sí! Mo ní kó fi ìwé hàn mí, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Ẹ máa béèrè ìwé.

Ẹni tó bá ní ilé onípákó ti ara rẹ̀ tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1980 ní Kalifóníà, ẹ wo ètò tí wọ́n ń pè ní Earthquake Brace + Bolt. Wọ́n máa ń fún onílé ní owó tó tó 3,000 dọ́là láti fi bóòtì de ilé mọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n máa ń ṣí i, àdúgbò tó bá sì bọ́ sínú ètò ló ń gbà á.

Houston ni mo wà, àbúrò mi wà ní Maryland. Kí ló kàn wá?

Ó kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Máàpù tí USGS ṣe ní 2023 fi hàn pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin orílẹ̀-èdè yìí ni mímì tó lè ba ilé jẹ́ ti lè dé.

Ẹni tó wà ní Maryland ní 2011 á rántí. Ilẹ̀ mì ní Virginia, 5.8 ni, wọ́n sì gbọ́ ọ títí dé Kánádà. Ó sán òpó ńlá Washington Monument, wọn ò ṣí i padà àfi ní 2014. Ìdí ni pé àpáta ìhà ìlà oòrùn ti pẹ́, ó ti le, ó ń gbé mímì lọ jìnnà bí agogo tí wọ́n lù. Ti ìwọ̀-oòrùn ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, kì í jẹ́ kó rìn jìnnà. Ní 1886, èèyàn tó tó 60 kú ní Charleston, South Carolina. Ní 1811 sí 1812, New Madrid ní ẹ̀gbẹ́ odò Mississippi mì léraléra títí ó fi yí ojú ilẹ̀ padà. Memphis àti St. Louis tí wọ́n ti kún fún bíríkì báyìí wà nítòsí ibẹ̀.

Oklahoma àti Texas ní tiwọn lọ́tọ̀. Omi ẹlẹ́gbin láti ibi tí wọ́n ti ń fa epo ni wọ́n ń tì padà sísàlẹ̀ ilẹ̀, òun náà sì ń ti àpáta. Ní 2016, Pawnee ní Oklahoma mì tó 5.8. Èyí nìkan ni ènìyàn lè dín kù fúnra rẹ̀, ó sì ti dín kù lóòótọ́ láti ìgbà tí ìpínlẹ̀ náà ti fi ààlà sí omi yẹn.

Ti Oregon àti Seattle ńkọ́? Mo gbọ́ pé èyí burú.

Ó burú. Lábẹ́ òkun, láti apá àríwá Kalifóníà títí dé Kánádà, àpáta òkun ń wọ abẹ́ àpáta ilẹ̀, wọ́n sì há mọ́ra. Cascadia ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tó tú sílẹ̀ kẹ́yìn ni ọjọ́ 26 oṣù kìíní 1700, bíi 9. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ọjọ́ rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà? Àwọn ará Japan ló kọ ọ́: omi òkun ya wọ abúlé wọn lálẹ́ láìjẹ́ pé ilẹ̀ mì lọ́dọ̀ wọn. Ní etí òkun Washington, igbó igi kédárì tó rì tó sì kú wà níbẹ̀ di òní, òrùka inú igi wọn sì fi hàn pé ìgbà òtútù ọdún yẹn ni wọ́n kú. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ náà ní ìtàn alẹ́ tí òkun gbé abúlé lọ.

Ilé ìwé kan ní Westport, Washington, kọ́ gbọ̀ngàn kan tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ ibi ìsádi fún àwọn ọmọ tí omi bá ń bọ̀. Ó ṣe é ní 2016, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Àwọn ará àdúgbò ló dìbò pé kí wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ àwọn láti fi kọ́ ọ. Ẹ̀yin tó ń béèrè bóyá èèyàn kéréje lè ṣe nǹkan, ìdáhùn nìyẹn.

Owó dà? Ṣé ìjọba ṣì ń ná an?

FEMA àti USGS ṣírò rẹ̀ ní 2023 pé tí a bá pín òfò ìmìtìtì ilẹ̀ sí ọdọọdún, ó ń lọ sí bílíọ̀nù dọ́là 14.7, ó sì ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ ti Kalifóníà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Òfin 2018 ya owó NEHRP sọ́tọ̀ títí di 2023. Gbèdéke yẹn ti kọjá. Iṣẹ́ kò dúró, nítorí pé owó ṣì lè gba inú ètò ìṣúná ọdọọdún wá, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó ń gbé nínú ilé tí ìwé àdéhùn rẹ̀ ti tán: ẹ ò tíì kó jáde, ẹ ò sì lè ra àga tuntun.

Ètò mìíràn wà tí FEMA fi ń fún ìpínlẹ̀ àti ìlú lówó kí àjálù tó dé. BRIC ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025, FEMA kéde pé òun fòpin sí i. Ogún ìpínlẹ̀ gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ẹ ti rí i báyìí pé ìmọ̀ kọ́ ló ń wọ́n wa. Àwọn ẹnjiníà mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ilé bíríkì Seattle láti nǹkan bí ogójì ọdún. Ẹni tó máa sanwó rẹ̀ ni kò tíì dájú, ibẹ̀ ni gbogbo ètò náà sì ti ń kọsẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mì, owó á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tí kò bá tíì mì, ìjíròrò lẹ óò rí.

Ìnṣọ́ránsì ilé mi ṣáà máa san án?

Kò ní san án. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í kó ìmìtìtì ilẹ̀ mọ́ra, lọ́tọ̀ lẹ óò rà á. Lẹ́yìn Northridge, àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fẹ́ sá kúrò ní Kalifóníà, ìpínlẹ̀ náà sì dá California Earthquake Authority sílẹ̀ ní 1996 láti máa tà á. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onílé kò ní in, nítorí ó wọ́n, ohun tí ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san lápò yín pọ̀. Ayálégbé lè ra tirẹ̀ fún ẹrù inú ilé, ìyẹn kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Nàìjíríà ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ tiwa kì í mì?

Ó máa ń mì, kì í ṣáà le. Ìjẹ̀bú-Òde gbọ́ ọ ní 1984, Kwoi ní Kàdúná ní 2016, Àbújá ní 2018. Ojú ìlà kan tí àpáta ti ya wà tó gba Ìfẹ̀wàrà ní Ọ̀ṣun kọjá lọ sí òkè. Ìjọba ní ibùdó tó ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ ní Toro, ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Ṣùgbọ́n ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ ní Ìkòyí wó ní oṣù kọkànlá 2021, ó pa èèyàn tó ju 40 lọ, ilẹ̀ kò sì mì lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rù nǹkan kan ní Èkó, kó kọ́kọ́ bẹ̀rù irin àti sìmẹ́ńtì.

Kí ni kí n ṣe nínú ilé mi lọ́sẹ̀ yìí?

Òwe wa ní kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Níbí, òwe yẹn kò jẹ́. Ẹ má sáré jáde, nítorí gíláàsì àti bíríkì iwájú ilé ló ń pa àwọn tó ń sáré. Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ fọwọ́ tilẹ̀, ẹ wọ abẹ́ tábìlì, ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú títí yóò fi dáwọ́ dúró. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ́ yín láti dúró sí, ayé ilé alámọ̀ ni.

Ẹ gbé bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí gíláàsì ni ẹ óò kọ́kọ́ tẹ̀ tó bá jẹ́ òru. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ méjì de táǹkì omi gbígbóná mọ́ ògiri, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Owó rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ ọjọ́ kan lọ. Táǹkì tí ẹ de dáadáa kò ní já páìpù gáàsì, omi inú rẹ̀ sì ṣeé mu fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́bọ̀ ẹ̀kẹta oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣe ìdánrawò ShakeOut, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín ṣe é.

Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa gáàsì ilé yín, kí ẹ sì so sípánà mọ́ ọn. Ẹ má pa á àfi tí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì tàbí tí ẹ gbọ́ tó ń súfèé, torí pé tí ẹ bá ti pa á, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ gáàsì ló gbọ́dọ̀ wá tan án padà, lẹ́yìn ìmìtìtì ńlá ẹ lè dúró dè é fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.